Ó Wọlé, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Bá A Mu?

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìbéèrè kan náà ló ń wá sọ́dọ̀ mi, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀. Òbí kan á ní kọ̀ǹpútà ọmọ òun ti ń rìn bí ìgbín. Òmíràn á ní ẹ̀rọ náà ti kọ Windows 11 jálẹ̀. Gbogbo wọn á wá parí ẹ̀ síbì kan náà: “Ṣé mi ò kàn lè ra processor tuntun sí i ni?”

Èyí tó dé kẹ́yìn wá látọ̀dọ̀ ìyá kan níbí ní Peckham, tí ilé wọn kò jìnnà sí Choumert Road. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ń múra GCSE Computer Science. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ọmọ náà ń lò jẹ́ Dell OptiPlex 7050, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì máa ń lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tú u sọ́jà àlòkù. Processor inú rẹ̀ ni Intel Core i5-7500. Ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá sọ fún un pé òun ní i7-8700 kan nílẹ̀, pé bí òun bá ti fi í sí i báyìí, ẹ̀rọ náà á máa sáré bí ẹṣin, Windows 11 á sì wọlé wẹ́rẹ́. Owó tí ìyá yìí ti tọ́jú fún ìrìn-àjò ilé-ìwé ọmọ náà ló fẹ́ yọ san. Ó ní kí n ṣáà sọ “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí òun lẹ máa fi dá ara yín lóhùn nígbà mìíràn tí n kò bá sí nítòsí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè wa, nítorí èdè wa ti là á sí méjì fún wa tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé fìlà fún ọmọ, tó sì dé e, fìlà ti wọ orí. Ṣé ó bá a mu? Ìbéèrè ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ilé aládùúgbò lè wọ ojú ilẹ̀kùn yín kó má yí. Ìyàwó lè wọlé, kí ìwà òun àti ti ọkọ má bára mu rárá. Bó ṣe rí pẹ̀lú processor nìyẹn gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá gbé i7-8700 yẹn sínú OptiPlex 7050, á wọlé. Á jókòó pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí ọmọ onílé. Wọ́n á sì tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú kirikiri.

Ìdí nìyẹn táwọn àgbà wa kì í fi í fẹ́ ọmọ láìṣe ìwádìí. Alárinà á lọ, á béèrè irú ẹbí tí wọ́n jẹ́, àrùn wo ló wà nídìí wọn, ṣé wọ́n jẹ gbèsè, ṣé wọ́n máa ń lu obìnrin. Lóde òní a ti fi genotype kún un. Kò sí ẹni tó máa sọ pé AS àti AS kò lè fẹ́ràn ara wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ojú nìkan kò tó fi ṣèpinnu.

Ta ni ká wá lọ ṣe ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀? Ibí yìí lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Processor ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé o yára, ṣé i7 ni ọ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe ọ́? Motherboard ló yẹ kí wọ́n bi. Òun ni pátákó gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ inú àpótí kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan tó kù so mọ́: processor, RAM, díìsìkì, fáànù. Òyìnbó fúnra wọn pè é ní ìyá. Àwa náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí nínú agbo ilé tí ìyá ọkọ kò bá gba ìyàwó.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ìyá ni socket rẹ̀, ìyẹn ìjókòó tí processor máa ń jókòó lé. Intel máa ń yí ìjókòó yìí padà lemọ́lemọ́, nọ́ńbà tó wà lára orúkọ rẹ̀ sì ni iye ojú tí iná àti ìròyìn ń gbà kọjá. Processor i5-2400 ti ọdún 2011 ń jókòó lórí LGA1155. I5-4570 ti 2013, LGA1150 ni tiẹ̀. I5-7500 ti 2017, LGA1151. I5-10400 ti 2020, LGA1200. I5-12400 ti 2022, LGA1700. Gbogbo wọn ń jẹ́ i5! Ẹ wò ó bí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Adé”: Adébáyọ̀, Adékúnlé, Adéṣínà, ẹ ò ní torí Adé gbà pé ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì kékeré yẹn ni kí ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, èyí àkọ́kọ́ ló ń sọ ìran tó ti wá: 4570 jẹ́ ìran kẹrin, 7500 jẹ́ ìran keje. Tó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ ka méjì àkọ́kọ́: 10400, ìran kẹwàá. (Àwa tí wọ́n ń pè ní ìran kejì ní ìlú yìí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìran tètè yé wa ju ẹlòmíràn lọ.)

Ẹ ó rí i pé bí socket bá yàtọ̀ síra, kò sí ìjà: processor kò tiẹ̀ ní wọlé, nítorí wọ́n ti gé igun rẹ̀ síbi ọ̀tọ̀. Ewu gidi wà níbi tí socket ti jọra. LGA1151 ni ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù. Ìran kẹfà àti keje ń jókòó lórí LGA1151. Ìran kẹjọ àti kẹsàn-án náà ń jókòó lórí LGA1151. Orúkọ kan, iye ojú kan, igun kan. Ṣùgbọ́n Intel ti yí iṣẹ́ àwọn ojú kan padà fún ìran kẹjọ kí iná púpọ̀ sí i lè máa kọjá, wọ́n sì sọ pé chipset tuntun ló gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀. Chipset yìí ni ohun kejì tí ẹ máa bi ìyá. Òun ni alágbàtà inú motherboard tó ń so processor pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan yòókù. Ìran kẹfà àti keje ń bá chipset tí nọ́ńbà wọn wà ní 100 àti 200 ṣiṣẹ́. Ìran kẹjọ àti kẹsàn-án ń fẹ́ 300, bíi H310 tàbí B360. OptiPlex 7050 ní Q270. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ fún i7-8700. Ìran keje ti orí tábìlì sì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ìran kẹjọ tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Láàárín ọdún kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ra tiẹ̀. Èmi ò rò pé ó dára kí wọ́n fi orúkọ kan náà sílẹ̀ fún ìjókòó méjì tí kò bára mu, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn, àwa la máa la ojú wa.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. LGA1155 ni ìran kejì àti ìkẹta jọ ń lò, ọ̀pọ̀ motherboard ìran kejì sì lè gba ìran kẹta lẹ́yìn tí wọ́n bá tún BIOS rẹ̀ ṣe. Àmọ́ Intel yọ chipset Q65, Q67 àti B65 sílẹ̀ nínú àǹfààní yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń fi irú àwọn chipset wọ̀nyẹn sí, irú ẹ̀rọ tó wá kún ọjà àlòkù lónìí.

Ohun kẹta ni BIOS tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn. Ó dà bí ìwé orúkọ àlejò tí ìyá ilé mú dání lẹ́nu ọ̀nà. Processor tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò níí ṣílẹ̀kùn fún un, bó ti wù kó bára mu tó. Ọ̀dọ̀ AMD ni èyí ti wúlò jù. Inú rere ni wọ́n fi tọ́jú socket AM4: Ryzen àkọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀ ní 2017, Ryzen 5000 tó jáde ní 2020 ṣì ń jókòó lórí rẹ̀. Motherboard ọdún 2017 tó ní chipset B350 tàbí X370 lè gba Ryzen 5 5600 lónìí, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe motherboard náà bá ti gbé BIOS tó mọ̀ ọ́n jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kí processor àtijọ́ ṣì wà lórí ìjókòó lẹ ti máa tún BIOS ṣe. Tí ẹ bá kọ́kọ́ yọ ti àtijọ́, tí ẹ fi tuntun sí i, kò sí ẹni tó máa tan ẹ̀rọ náà fún yín láti ṣe àtúnṣe. Iná kò sì gbọ́dọ̀ lọ láàárín iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Èkó, kó rí i dájú pé inverter rẹ̀ ti kún kó tó dán an wò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ gbogbo èyí láìtú ẹ̀rọ? Ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ msinfo32 síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ processor, nọ́ńbà motherboard àti BIOS, gbogbo ẹ̀ á hàn sójú kan. Ètò ọ̀fẹ́ kan tún wà tó ń jẹ́ CPU-Z, tó máa sọ socket àti chipset fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ fún irú rẹ̀ gan-an. Ọgbọ́n tí èmi ń lò fún Dell, HP àti Lenovo kò le: mo máa ń wo àwọn processor tí wọ́n fi ta irú ẹ̀rọ yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, inú àwọn yẹn nìkan ni mo sì máa ń mú. Bí wọ́n bá ti ta OptiPlex 7050 pẹ̀lú i7-7700 rí, i7-7700 kì í ṣe àjèjì níbẹ̀.

Ó ku ooru. Lára gbogbo processor ni wọ́n ti ń sọ iye wátì tó yẹ kí ohun tó ń tù ú nínú lè gbà kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ní OptiPlex 9020 tàbí HP EliteDesk 800 G1, tí i3-4130 wà nínú rẹ̀, 54W ni tiẹ̀. I7-4770 jẹ́ 84W. Ẹ̀rọ gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó dúró nílẹ̀ lè gbà á. Èyí tó rí pẹlẹbẹ, fáànù rẹ̀ lè máa ké tòru-tọ̀sán. I7-4770S wà fún irú wọn, 65W. Àwọn ẹ̀rọ kóńkóló tí kò ju ìwé ńlá kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún processor oní-35W, èyí tí T máa ń kẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà ìkẹyìn tún lè sọ ohun mìíràn. F lára Intel túmọ̀ sí pé kò ní àwòrán nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Ryzen orí AM4 tí kò ní G. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀, tí ẹ lọ ra Ryzen 5 5600, processor á ṣiṣẹ́, BIOS á mọ̀ ọ́n, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ. Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùtajà àti olùrà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá wa. I7-7700 bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu: socket kan náà, Q270 mọ̀ ọ́n, 65W bíi ti i5-7500 tó wà níbẹ̀. Ṣé kó rà á nígbà náà? Mo ní kó má rà á. Ohun tó ń wá ni Windows 11, Microsoft sì ti fà á sí ìran kẹjọ sókè fún Intel, pẹ̀lú àfi díẹ̀ nínú ìran keje tí kò kan ẹ̀rọ tirẹ̀. I7-7700 ìran keje ni. Á san owó, kò sì ní rí ohun tó torí ẹ̀ san án. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n àyínìke gbé Windows 11 wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Microsoft kò ṣèlérí pé òun á máa tọ́jú rẹ̀, èmi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ ìdánwò ọmọ dúró lórí irú ìpìlẹ̀ yẹn.

Mo wá bi í ní ohun tí ẹni tó ń ta processor kò bi í: díìsìkì wo ló wà nínú ẹ̀rọ náà? Díìsìkì àtijọ́ tó ń yí ni. Ìyẹn ló ń fà á tí ẹ̀rọ náà fi ń rìn bí ìgbín, i5-7500 kò jẹ̀bi. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ìyẹn core mẹ́rin, ló wà nínú processor yẹn. Python tí ọmọ GCSE ń kọ kò lè mú wọn làágùn. SSD ni kó rà. Tí RAM bá jẹ́ 4GB, kó sọ ọ́ di 8GB ó kéré tán, 16GB bí agbára bá gbé e. Ní ti Windows 10, àfikún ìtọ́jú ààbò wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ tó ń kọ́ Computer Science, kò burú tó bá mọ Linux. Àwọn mìíràn á dé yunifásítì kí wọ́n tó rí i.

N kò sọ pé pípààrọ̀ processor kò dára o. Ibi méjì wà tí mo ti máa ń sọ pé kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìran kẹrin tí i3 wà nínú rẹ̀, tó sì ti gbà pé Linux lòun máa lò, i5 tàbí i7 ìran kẹrin á sọ core méjì di mẹ́rin fún un, owó àlòkù rẹ̀ kò sì tó owó bàtà ilé-ìwé. Ẹni tó ní Ryzen 5 1600 lórí AM4, Windows 11 kò gba Ryzen 1000 wọlé. Bó bá fi Ryzen 5 5600 rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí BIOS ti gbà, òun nìkan ló rí ohun méjì gbà lẹ́ẹ̀kan náà: ìyára, àti ilẹ̀kùn tó ṣí. Kó ṣáà wádìí pé TPM wà ní títàn nínú BIOS. Ẹ ṣọ́ra fún Ryzen Pro àlòkù: àwọn kan tí wọ́n yọ lára Lenovo ti so mọ́ Lenovo, wọn ò ní ṣiṣẹ́ lórí motherboard ilé-iṣẹ́ mìíràn mọ́. Olùtajà gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti yọ ọ́.

Ẹ̀yin tó ń béèrè nípa laptop, ẹ má bínú. Láti ìran karùn-ún ti Intel ni wọ́n ti ń jó processor laptop mọ́ motherboard. SSD àti RAM ni ẹ wò, bí wọn ò bá tíì jó ìyẹn náà mọ́ ọn.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é pẹ̀lú yín, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ má torí orúkọ bẹ̀rù. Processor ń jẹ́ processor, socket ń jẹ́ socket. Bí bàbá wa ṣe pe tọ́ọ̀ṣì ní tọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kò sí ẹni tó sọ pé kì í ṣe Yorùbá ló ń sọ. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ló jẹ́ tiwa, gbogbo ẹ̀ pátá: tú, ṣí, yọ, nù, gbé, rọra, tẹ̀, dè. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gbọ́ “wá jẹun” àti “lọ sùn” tí wọn ò tíì gbọ́ “má fi ipá” rí. Kọ̀ǹpútà á kọ́ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

“Yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan nǹkan inú ẹ̀.” Iná ara wa lè pa ohun kékeré wọ̀nyẹn láìjẹ́ pé a gbọ́ ọ. “Tú síkúrù fáànù yẹn díẹ̀díẹ̀, má tú ọ̀kan tán kó o tó kan èkejì.” Tó bá jẹ́ AM4, ẹ ti jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rá àárín wọn lè rọ̀: “Yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, kó o tó gbé e.” Bí ẹ bá fà á sókè lójijì, processor lè bá a jáde, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀. Ti Intel yàtọ̀: orí motherboard ni ẹsẹ̀ wà. “Má fọwọ́ kan inú socket rárá.” Ẹ fi ọtí ìnùwọ́ oníspírítì nu ọ̀rá àtijọ́. Lẹ́yìn náà, “Wá igun tó ní àmì wúrà. Ó yá, fi kan igun tirẹ̀. Má tì í, jẹ́ kó fúnra ẹ̀ bọ́ sáyè.” Ọ̀pá tí ẹ máa fi tì í pa lórí Intel máa ń le díẹ̀, ẹ ti sọ fún ọmọ tẹ́lẹ̀, kó má bẹ̀rù. Ọ̀rá tuntun, ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo kan, sáàárín. Ẹ dè é padà, ẹ sì rántí so okùn fáànù. Ẹni tó bá di tọ́ọ̀ṣì mú á béèrè pé, “Màmá, ṣé báyìí lẹ fẹ́ kó rí?” Ibẹ̀ náà lẹ ti máa gbọ́ “ẹ” lẹ́nu rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Bó bá kọ́kọ́ tan, tó kú, tó tún tan, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀; ó ń mọ àlejò rẹ̀ ni. Ẹ ra processor àlòkù lọ́dọ̀ ẹni tó gbà pé ẹ lè dá a padà, yálà CeX ni o tàbí eBay, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sójú irin rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀rá bò ó.

Àwọn kan á ní, “Wàhálà yìí pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kúkú kó o sínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé.” Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Tòkunbọ̀ ni à ń pe ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tó wá sílé. Òun náà ni wọ́n ń pe ọkọ̀ àti ẹ̀rọ àlòkù tó gba ọ̀nà kan náà. Basel Convention Coordinating Centre tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti United Nations University ṣèwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, inú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n sì kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Jámánì àti ìlú tí à ń gbé yìí ló ṣíwájú nínú àwọn tó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ó kéré tán, 19 nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣiṣẹ́ nígbà tó dé. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ Òtìgbà ní Computer Village, Ìkẹjà, á rí nǹkan gidi fi ṣe. Èyí tó ti kú, èéfín rẹ̀ lẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí yín yẹn.

Níbí, ibùdó ohun àlòkù Southwark wà ní Devon Street, lẹ́bàá Old Kent Road, wọ́n ń gba ẹ̀rọ iná. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá Restart Party kan ń bọ̀ nítòsí. The Restart Project ló ń ṣètò wọn ní London, àwọn tó mọ iṣẹ́ á bá yín tú u láìgba kọ́bọ̀. Ẹ mú ọmọ dání.

Ìyá wa ti ra SSD. Owó ìrìn-àjò ṣì wà nínú àpò ìwé rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí Mint àti Windows jọ wà lórí ẹ̀rọ kan. Mo ti sọ fún un bó ṣe máa pín in, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ “i5 ni” ránṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ tààrà, nọ́ńbà processor pẹ̀lú lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀, nọ́ńbà motherboard, àti BIOS tó wà níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ irú díìsìkì tó ní.